Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn, tó sì ń yára sí i nínú pápá iná: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó fẹ́ràn físíìsì máa ń béèrè léraléra nípa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná nínú wáyà. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Níbi tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣírò kí ẹ sì tún un ṣe fúnra yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yéni jù.

Kí là ń pè ní pápá iná?

Nǹkan yòówù tó bá ní ṣáájì (ìwà iná, tó lè jẹ́ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù), àyè tó yí i ká kì í ṣe àyè lásán mọ́. Ṣáájì mìíràn tó bá wọ ibẹ̀ yóò rí ipá tó ń tì í tàbí tó ń fà á. Àyè tó rí bẹ́ẹ̀ là ń pè ní pápá iná. Bí ẹ bá mú irin pẹlẹbẹ méjì kọjú síra, tí ẹ so ọ̀kan mọ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì, tí ẹ so èkejì mọ́ orí nẹ́gétíìfù, pápá iná ti wà láàárín wọn nìyẹn, bí ojú ò tilẹ̀ rí i.

Iye fóòtì (volt, òdiwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára bátìrì) tó bá wà lórí mítà kan la fi ń sọ bí pápá ṣe le tó. Bí bátìrì bá jẹ́ fóòtì 100, tí àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ sẹ̀ntímítà 2, pápá náà jẹ́ fóòtì 5,000 lórí mítà kan. Ẹ fi irin méjì yìí sọ́kàn, a ó máa lò wọ́n.

Kí ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní tí pápá fi ń rí i mú?

Ṣáájì ni. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ní ṣáájì nẹ́gétíìfù tó jẹ́ 1.602 × 10⁻¹⁹ coulomb (òdiwọ̀n ṣáájì), ìkankan wọn ò sì ju èkejì lọ. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 9.11 × 10⁻³¹ kìlógíráàmù. Nínú ọ̀rọ̀ eré, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni bí ṣáájì yẹn ṣe pọ̀ tó bí a bá fi ìwúwo yẹn pín in: ó jẹ́ 1.76 × 10¹¹ coulomb sí kìlógíráàmù kan. Nọ́ńbà ńlá gbáà ni, òun ló sì fà á tí pápá kékeré fi ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré tó bẹ́ẹ̀.

J. J. Thomson wọn ìpín yìí ní Cambridge lọ́dún 1897, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ṣáájì náà tàbí ìwúwo náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láàárín 1909 sí 1913, Robert Millikan fi ẹ̀kán òróró tíntìntín wọn ṣáájì ọ̀hún gan-an ní Amẹ́ríkà. Ìgbà tí méjèèjì ti wà nílẹ̀ ni ìwúwo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó hàn kedere.

Apá ibo ló máa ń kọrí sí?

Apá pọ́sítíìfù. Ọfà tí wọ́n ń yà sínú ìwé láti fi pápá hàn máa ń jáde láti ara pọ́sítíìfù lọ sí ara nẹ́gétíìfù, torí pé ṣáájì pọ́sítíìfù ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń dojú kọ ọfà náà ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pàdánù máàkì síbí, kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ náà le, torí pé wọn ò wo àmì ṣáájì kí wọ́n tó kọ ìdáhùn ni.

Níbo ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lómìnira ti ń wá?

Inú irin ni wọ́n pọ̀ sí, ṣùgbọ́n irin kì í fẹ́ jọ̀wọ́ wọn. Bí ẹ bá mú irin gbóná gan-an, bíi okùn irin tó ń pọ́n nínú gílóòbù àtijọ́, díẹ̀ nínú wọn á ní agbára tó tó láti fò jáde. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá irin tó yẹ pàdé náà lè lé wọn jáde. Pápá tó le gan-an lẹ́nu abẹ́rẹ́ tó mú náà lè fà wọ́n yọ.

Bí wọ́n bá ti jáde, wọ́n nílò òfìfo, ìyẹn inú ìgò tàbí ọ̀pá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí wọ́n má baà kọlu nǹkan lójú ọ̀nà. Láti ìsinsìnyí lọ, títí a ó fi dé orí ìbéèrè nípa afẹ́fẹ́ àti wáyà, òfìfo la wà.

Ṣé eré kan náà ló máa ń sá, àbí eré rẹ̀ ń lé kún?

Ó ń lé kún, láìdúró, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú pápá. Ipá tí pápá ń lò lé e lórí ni ṣáájì rẹ̀ ní ìlọ́po bí pápá ṣe le tó. Ipá tí ò yí padà kì í fún nǹkan ní eré tí ò yí padà. Àlékún eré ló ń fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ó máa ń ṣòroó gbà, torí pé nílé ayé, nǹkan tí a bá ń tì máa ń bá ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jà, a sì máa ń rò pé títì ló ń mú un rìn ní eré kan. Nínú òfìfo, kò sí ohun tó ń bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jà.

Nínú pápá fóòtì 5,000 lórí mítà kan tí a mẹ́nu bà, àlékún eré náà jẹ́ 8.8 × 10¹⁴ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí bílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀: nánósẹ́kọ́ǹdì kan nìyẹn. Láàárín nánósẹ́kọ́ǹdì kan péré, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń sá eré kìlómítà 880 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Báwo la ṣe ń ṣírò eré tó máa ní nígbà tó bá dé òdìkejì?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ipá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá la fóltéèjì V (ìyẹn iye fóòtì) kọjá gba agbára tó jẹ́ eV, e dúró fún ṣáájì rẹ̀. Gbogbo agbára yẹn ló di ti eré: ½mv² = eV, m dúró fún ìwúwo rẹ̀, v dúró fún eré rẹ̀. Bí ẹ bá yanjú rẹ̀, tí ẹ fi nọ́ńbà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí i, eré náà yóò jẹ́ mítà 593,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìlọ́po gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì iye fóòtì.

Fóòtì kan ṣoṣo, tí kò tó ti bátìrì kékeré tó wà nínú rìmóòtù, ti tó láti fún un ní kìlómítà 593 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóòtì 100 fún un ní kìlómítà 5,930. Láti la sẹ̀ntímítà 2 àárín irin wa kọjá, nánósẹ́kọ́ǹdì 6.7 ló gbà á. Ẹ kíyè sí gbòǹgbò náà: bí ẹ bá sọ fóòtì di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni eré máa jẹ́.

Bí mo bá fa irin méjèèjì jìnnà síra, ṣé eré ìkẹyìn máa pọ̀ sí i torí pé ọ̀nà ti gùn?

Rárá, bí bátìrì náà kò bá yí padà. Ẹ sọ àlàfo náà di sẹ̀ntímítà 4. Pápá á rọlẹ̀ sí fóòtì 2,500 lórí mítà kan, ipá á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ipá náà fi ń ṣiṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á dé òdìkejì pẹ̀lú kìlómítà 5,930 rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Àkókò nìkan ló yí padà: nánósẹ́kọ́ǹdì 13.5 ló máa fi rìn ín.

Èyí ni mo kà sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ eré nínú pápá iná. Pápá lè le níbì kan kó rọ̀ níbòmíràn, ọ̀nà lè tẹ̀ kọrọdọ, irin lè rí róbótó tàbí ṣóńṣó. Bí ẹ bá ti mọ iye fóòtì tó wà láàárín ibi tó ti gbéra àti ibi tó dé, tí kò sì kọlu nǹkan kan lójú ọ̀nà, ẹ ti mọ eré rẹ̀. Ẹni tó bá gbá èyí mú kò ní fi wákàtí kan ṣe ìṣírò tó yẹ kó gba ìlà méjì.

Kí ló dé tí wọ́n ń sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì dípò joule?

Torí ó rọrùn. Agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà nígbà tó la fóòtì kan kọjá la pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì kan, tí wọ́n ń kọ báyìí: eV. Ó jẹ́ 1.602 × 10⁻¹⁹ joule, òdiwọ̀n agbára tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni keV, mílíọ̀nù kan ni MeV, bílíọ̀nù kan ni GeV.

Ṣé òòfà ilẹ̀ kì í fà á wálẹ̀ ni?

Ó ń fà á, bó ṣe ń fa gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀: láàárín nánósẹ́kọ́ǹdì 6.7 tó fi la àárín irin wa kọjá, ìwọ̀n tí ilẹ̀ fà á wálẹ̀ jẹ́ 2.2 × 10⁻¹⁶ mítà, èyí tó kéré ju púrótọ́ọ̀nù kan lọ (ohun tíntìntín oníṣáájì pọ́sítíìfù tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù). Pápá tó máa ṣe rẹ́gí pẹ̀lú òòfà ilẹ̀ lórí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ju 5.6 × 10⁻¹¹ fóòtì lórí mítà kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ òòfà ilẹ̀ kúrò nínú ìṣírò wọ̀nyí láìbẹ̀rù.

Bí a bá fi púrótọ́ọ̀nù sí àárín irin kan náà ńkọ́?

Á kọrí sí apá nẹ́gétíìfù, á sì gba agbára kan náà gẹ́lẹ́, 100 eV, torí pé ṣáájì rẹ̀ tó ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àmì nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po 1,836. Nítorí náà eré rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú nǹkan bíi 43 ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: kìlómítà 138 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára dọ́gba, eré ò dọ́gba. Ẹ má jẹ́ kí ìdánwò fi gbólóhùn méjì yìí dà yín lọ́kàn rú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti ń sáré bọ̀ kó tó wọ inú pápá?

Bó bá kọrí sí apá pọ́sítíìfù, eré rẹ̀ á kún sí i. Bó bá kọrí sí apá nẹ́gétíìfù, pápá á máa fà á sẹ́yìn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní 100 eV lọ́wọ́ lè gun fóòtì 100 tó lòdì sí i, ibẹ̀ ni á ti dúró fún ìgbà kúkúrú tí kò tó nǹkan, á sì yí padà. Bí a bá ń fi fóltéèjì tó lòdì kún un títí kò fi sí èyí tó dé òdìkejì mọ́, a ti wọn agbára tí wọ́n gbé dání nìyẹn.

Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìyẹn lọ́nà tó dábùú pápá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹ jẹ́ ká fi fóòtì 1,000 ta á, kó máa sá kìlómítà 18,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó gba àárín irin méjì tó gùn ní sẹ̀ntímítà 4, tí pápá ibẹ̀ jẹ́ fóòtì 5,000 lórí mítà kan. Nánósẹ́kọ́ǹdì 2.1 ló máa lò nínú rẹ̀. Eré tó gbé wọlé kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ó ń ní eré tuntun sí apá pọ́sítíìfù. Nígbà tó bá máa fi jáde, ó ti yẹ̀ ní mìlímítà 2, ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọ̀nà òkò tí a jù sọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn tó jáde, ó ń lọ tààrà. Bí ojú díńgí tó ń tàn bá wà ní sẹ̀ntímítà 20 síwájú, àmì tó máa ṣe síbẹ̀ ti yẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2.2 sí ibi tí ì bá bọ́ sí.

Ohun kan wà níbí tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn dúró wò dáadáa. Bí ẹ bá kọ ìṣírò yíyẹ̀ náà jáde, ṣáájì àti ìwúwo máa ń pa ara wọn rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó ku gígùn irin, pápá, àti fóòtì tí a fi ta á. Nǹkan mìíràn tó ní ṣáájì nẹ́gétíìfù, kódà bó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, yóò gba ojú ọ̀nà yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́ kó tó dé. Pápá iná nìkan ò lè sọ ẹni tó ń kọjá fún wa. Ìdí nìyẹn tí Thomson fi gbọ́dọ̀ mú mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn: mágínẹ́ẹ̀tì mọ eré, ó sì jẹ́ kó lè yọ ìpín ṣáájì sí ìwúwo jáde.

Ṣé ojú ìlà pápá ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń tẹ̀lé?

Kì í ṣe dandan. Ìlà pápá ń sọ apá tí ipá kọjú sí, kò sọ apá tí eré kọjú sí. Bí ìlà náà bá tọ́, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró, méjèèjì á bára mu. Bí ìlà bá tẹ̀, eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ á máa gbé e ya kúrò lójú ìlà.

Ṣé mágínẹ́ẹ̀tì náà lè fi eré kún eré rẹ̀?

Mágínẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ ò yí padà kò lè ṣe é. Ìgbà gbogbo ni ipá rẹ̀ máa ń dábùú ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tọ̀, nítorí náà ó ń tẹ ọ̀nà náà ni, kò fi ẹyọ agbára kan kún un.

Bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá ń yí padà, ọ̀rọ̀ di míràn, torí pé ìyípadà náà ń dá pápá iná sílẹ̀ tó ń yí po. Pápá iná yẹn ló ń fi eré kún eré ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Lórí èyí ni Donald Kerst gbé ẹ̀rọ betatron tó ṣe ní Illinois lọ́dún 1940 kà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín irin méjèèjì?

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa kọlu àwọn ohun tíntìntín inú afẹ́fẹ́ kó tó rìn jìnnà. Bí agbára tó kó jọ láàárín ìkọlù méjì bá kéré, á kàn ta dànù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó eré jọ. Lọ́dún 1914, James Franck àti Gustav Hertz fi èéfín mẹ́kúrì hàn pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: tí agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti dé 4.9 eV, átọ́ọ̀mù mẹ́kúrì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá kéré sí i, átọ́ọ̀mù ò gbà á. Bí wọ́n ṣe ń fi fóltéèjì kún un, iná tó ń dé òdìkejì ń pọ̀, ó sì ń já wálẹ̀ lójijì ní gbogbo fóòtì 4.9.

Bí pápá bá wá le tó nǹkan bíi mílíọ̀nù fóòtì 3 lórí mítà kan nínú afẹ́fẹ́ lásán, agbára láàárín ìkọlù méjì ti tó láti gbá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn yọ kúrò lára átọ́ọ̀mù. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, ká tó ṣẹ́jú, iná ti bù yẹ̀rì láàárín irin méjèèjì.

Nínú wáyà, kí ló dé tí wọ́n ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn bí ìgbín?

Torí pé kò sí ọ̀nà tó ṣófo níbẹ̀. Ẹ mú wáyà bàbà tí ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 1, kí ampere 1 (òdiwọ̀n iná tó ń ṣàn) máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mítà onígun bàbà kan ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 8.5 × 10²⁸ tó lè rìn. Bí ẹ bá ṣe ìṣírò rẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ ń sún síwájú ní mìlímítà 0.073 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti rin mítà kan, ó máa gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Síbẹ̀, pápá inú wáyà yẹn ń fi eré kún eré wọn bó ṣe ń ṣe nínú òfìfo gan-an. Pápá náà jẹ́ fóòtì 0.017 lórí mítà kan, àlékún eré tó ń fún wọn jẹ́ bílíọ̀nù mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 2.5 × 10⁻¹⁴ ìṣẹ́jú àáyá péré ló wà láàárín ìkọlù kan àti èkejì, ìkọlù kọ̀ọ̀kan sì ń pa eré tuntun náà rẹ́. Ẹ sọ nọ́ńbà méjì yìí di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ wo ohun tó máa jáde: mìlímítà 0.07 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí òfin méjì, ọ̀kan fún òfìfo, ọ̀kan fún wáyà. Òfin kan náà ni, ìkọlù ló wọ̀ ọ́.

Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kò sì dúró jẹ́ẹ́ bí iná ò tilẹ̀ sí. Nínú bàbà, àwọn tó ń gbé iná ń já lọ já bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 1,570 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí gbogbo apá, débi pé àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹ wo ọ̀wọ́ kòkòrò tó ń fò yí àtùpà ká lálẹ́: kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń fò bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, gbogbo ọ̀wọ́ náà á máa sún sí apá kan díẹ̀díẹ̀. Sísún díẹ̀díẹ̀ yẹn ni iná tó ń gba inú wáyà.

Bí wọ́n bá ń rìn bí ìgbín, kí ló dé tí gílóòbù fi ń tàn kété tí mo bá tẹ súwíìsì?

Torí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́nu súwíìsì kọ́ ló ń lọ tan gílóòbù. Inú wáyà ti kún fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti òkèèrè dé inú gílóòbù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ súwíìsì, pápá iná ló ń tàn ká ọ̀nà náà, ní eré tó súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún ní ibi tí kálukú wà.

Iná tó ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ńkọ́? Ṣé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tilẹ̀ ń lọ síbì kankan?

Kò lọ síbì kankan. Nínú wáyà ampere 1 tí a ṣírò lókè yẹn, bí iná náà bá jẹ́ èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sún síwájú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta máíkírómítà kan (máíkírómítà ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), á sì padà sẹ́yìn. Irun orí kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára ń dé ilé, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò kúrò níbi tó wà.

Bí mo bá ń fi fóòtì kún fóòtì, ṣé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ?

Kò lè ṣeé ṣe. Ìṣírò ½mv² tí a lò lókè dára fún fóltéèjì kékeré nìkan. Ní fóòtì 10,000, ó fún wa ní kìlómítà 59,300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òótọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 58,500. Àṣìṣe náà ò tíì pọ̀. Ní fóòtì 100,000, ó ní 187,600, òótọ́ jẹ́ 164,400. Tó bá di mílíọ̀nù fóòtì kan, ó ní 593,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì eré ìmọ́lẹ̀, nígbà tí òótọ́ jẹ́ 282,100. Eré ìmọ́lẹ̀ gan-an jẹ́ kìlómítà 299,792 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

William Bertozzi ṣe àyẹ̀wò èyí ní ojúkojú, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1964. Ó ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba ọ̀nà mítà 8.4, ó wọn àkókò tí wọ́n fi rìn ín, ó sì fi ooru tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ lu irin ṣe ẹ̀rí pé agbára náà wà lára wọn lóòótọ́. Agbára ń gòkè títí dé 15 MeV, eré ò kọjá ti ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fóltéèjì tó ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, ẹ gbàgbé ½mv², ẹ lo ìṣírò Einstein.

Tí eré ò bá lè kún mọ́, níbo ni agbára tó kù ń lọ?

Ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ló ń lọ. Agbára àti ipá ìrìn rẹ̀, èyí tí ohun tó bá kọlù máa fojú winá rẹ̀, ń kún láìlópin. Eré nìkan ló ń rá pálá sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Ìwé àtijọ́ máa ń sọ pé ìwúwo rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì òde òní kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìwúwo ò yí padà, ìbáṣepọ̀ àárín eré àti agbára ló yàtọ̀ sí èyí tí Newton kọ́ wa. Mo gbà pé èyí kejì yìí dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́, torí kò ní jẹ́ kó rò pé nǹkan kan ń wú nínú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ní SLAC, ilé ìwádìí físíìsì kan ní California, wọ́n gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dé nǹkan bíi 50 GeV. Níbẹ̀, eré rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 1.6 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan kéré sí ti ìmọ́lẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti rí fóòtì tó tó bílíọ̀nù 50?

Kò sí ibi tí wọ́n ti rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Fóltéèjì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á ti bù yẹ̀rì mọ́ gbogbo ohun tó wà nítòsí tipẹ́tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fún un ní díẹ̀díẹ̀, léraléra. Rolf Widerøe fi hàn ní Jámánì lọ́dún 1928 pé ó ṣeé ṣe: ó lo fóltéèjì kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ṣáájì kan náà, nípa yíyí àmì fóltéèjì náà padà nígbà tí ṣáájì wà nínú ọ̀pá irin tí pápá ò lè dé.

Lónìí, ìgbì rédíò tó lágbára ni wọ́n ń tì sínú ihò bàbà tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí pápá ibẹ̀ kọjú sí apá tó máa tì í síwájú. Bó bá pẹ́ díẹ̀, pápá á ti yí padà, á sì fà á sẹ́yìn. Nítorí náà wọ́n ń rìn ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, kì í ṣe bí omi tó ń ṣàn. Ọ̀nà SLAC gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ ń yí padà máa ń pàdánù agbára nípa títan ìmọ́lẹ̀?

Òótọ́ ni. Ṣáájì yòówù tí eré rẹ̀ tàbí ọ̀nà rẹ̀ bá ń yí padà ń tan ìgbì jáde. Nígbà tí pápá bá ń fi eré kún un lójú ọ̀nà tó tọ́, ohun tó ń pàdánù kéré débi pé a lè gbójú fò ó. Ìgbà tó bá dúró lójijì ló máa ń hàn: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó la fóòtì 100,000 kọjá, tó wá bọ́ lu irin tungsten, ń tan X-ray tí agbára ẹyọ kan rẹ̀ kò lè ju 100 keV lọ. X-ray yìí ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí lọ́dún 1895. Ìpín tó di X-ray kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ooru ló kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú irin náà yí bírí nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kó má baà yọ́.

Bí a bá sì tẹ ọ̀nà rẹ̀ sí róbótó, àdánù náà di ńlá. Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, nínú ẹ̀rọ olórùka kan tí wọ́n ń pè ní LEP, tó gùn ní kìlómítà 27, tó ṣiṣẹ́ láti 1989 sí 2000, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní nǹkan bíi 104 GeV ń pàdánù ju 3 GeV lọ ní gbogbo ìgbà tó bá yí òrùka náà po lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ni pápá iná inú àwọn ihò tó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dá padà fún un kó tó tún yí i po. Àdánù yìí ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún bí agbára bá di ìlọ́po méjì nínú òrùka kan náà, òun ló sì fà á tí àwọn tó fẹ́ gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá ibẹ̀ dáadáa fi ń yan ọ̀nà tó tọ́ tàbí òrùka tó tóbi ju ti LEP lọ fíìfíì.